Àna Mi Kò Fẹ́ Kọlù Mí

Ní Kútọnù tiwa yìí, ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná fún fíríìjì, èyí tó ju agbára fíríìjì náà lọ ló máa ń rà. Iná wa ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, ó sì ti ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Ọgbọ́n yìí náà ni mo gbé lọ sídìí róbọ́ọ̀tì ìjà mi.

Olùkọ́ físíìsì ni mí, mo ti fẹ̀yìntì. Ọmọkùnrin ará Pobè tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ̀ǹpútà, ló fi eré náà hàn mí. Ẹni méjì á fi rìmóòtù darí ẹ̀rọ kéékèèké méjì nínú àpótí pákó ńlá kan, wọ́n á máa kọlu ara wọn títí ọ̀kan á fi dojú délẹ̀. Mo ní èmi náà á ṣe tèmi. Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun ti di ọmọdé. Mo ní kó lọ jókòó.

Gbogbo rẹ̀ dùn mọ́ mi. Láàárọ̀, tí atẹ́gùn òkun bá ń fẹ́ wọ ilé wa ní Agblangandan, lẹ́bàá Kútọnù, mo máa ń tan rédíò, mo ń fi òjé lẹ wáyà mọ́ra, n kò ní rántí pé orúnkún ń dùn mí. Faríatọ̀ nìkan ló dá mi dúró. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ni, tó ń bu iná bátìrì fún ẹ́ńjìnnì tó ń yí táyà, tó ń sọ bí yóò ṣe sáré tó àti ìgbà tí yóò fà sẹ́yìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa iná ju agbára faríatọ̀ lọ, faríatọ̀ á jóná. Kékeré kan wà tó fúyẹ́, ńlá kan sì wà tó lè gbé iná ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n róbọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ wúwo kọjá ìwọ̀n. Bí mo bá mú ńlá, àfi kí n yọ irin iwájú rẹ̀, kí n fi ike rọ́pò.

Mo bi àna mi léèrè èwo ni kí n mú. Ó wolẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, Màmá. Méjèèjì ló dára.”

“Ìwọ ńkọ́, èwo lo máa mú?”

“Èyí tí ẹ bá mú náà ni, Màmá.”

Mo mú ńlá. Ìdáhùn yẹn kò sì tán nínú mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Mo mọ ara mi, ẹnu mi le, mo sì fẹ́ràn kí n máa pàṣẹ. Bí ẹni tó ń mú ọmọ mi lọ kò bá lè sọ òótọ́ fún mi lójú, èmi ni mo máa tú ilé wọn ká, n kò sì ní mọ̀.

Lọ́jọ́ ìjà, a gbé àpótí náà sí àgbàlá mi. Mo tẹ rìmóòtù, tèmi bá sáré jáde. Tirẹ̀ ń sá. Mo lé e dé igun, ó yẹ̀. Mo dúró kó lè rí mi gbá, òun náà dúró. Inú bí mi gidi.

“Ṣé ijó la wá jó ni?”

“Màmá, ẹ̀yin ni ìyá ìyàwó mi.”

“Mo mọ̀. Kọlù mí!”

Ó gbé rìmóòtù sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, ó ní, “Ẹ forí jì mí, Màmá.” Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó sì gbá mi. Ike iwájú fọ́ yángá, róbọ́ọ̀tì mi sì dojú délẹ̀, táyà ń yí lófuurufú.

Mo tú u. Mo fọwọ́ kan faríatọ̀ ńlá náà, ó tutù. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìjà wáyé.

“Ó tóbi jù, Màmá,” ni àna mi wí. “Kékeré yẹn ti tó. Irin lẹ nílò.”

“O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Wì, Màmá. Mo mọ̀.”

Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ ara tù mí. Mo ní kí wọ́n wọlé wá jẹun. Ọbẹ̀ ilá ni mo sè, ọkàn mi sì wà níbi ìjà nígbà tí mo ń sè é. A jẹun díẹ̀. Mo kọjú sí àna mi.

“Ọbẹ̀ náà ńkọ́?”

Mo rí i tí ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Síbẹ̀, àna mi wò mí lójú.

“Iyọ̀ ti pọ̀ jù, Màmá.”

Ó pọ̀ lóòótọ́. Mo lọ bu omi sí i, mo sì bu ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò fún un.