Ẹni Tó Gba Nàímátù Gbọ́

Nígbà tí Minna ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀, Abọ́sẹ̀dé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni télọ̀ tí àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá lọ sí àdúgbò Bosso. Ó ní ọmọṣẹ́ kan, Nàímátù, ọmọ ọdún méjìlélógún, tí kò gbọ́ràn, tí kò sì lè sọ̀rọ̀ láti kékeré. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omijé á fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ kan, Nàímátù kọ̀, kò gbé aṣọ lọ sílé akọ̀wé kan ní Dutsen Kura mọ́. Abọ́sẹ̀dé pè é ní ọ̀lẹ. Nígbà tó rí i pé ọmọ náà ò tiẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ náà, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó tì í. Nàímátù fi ọwọ́ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: akọ̀wé náà ti fi ipá bá a lò pọ̀. Abọ́sẹ̀dé bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn ji òun. Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá ó fẹ́ kí àwọn lọ bá ọlọ́pàá. Nàímátù dìde, ó wé gèlè rẹ̀.

Àdúgbò gbọ́. Ìyá Yínúsà, aládùúgbò wọn, pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Hàbá! Ọkùnrin tó kàwé, tó níyàwó arẹwà nílé, kí ni yóò fi odi ṣe?"

"Ẹ gbọ́ mi, mà," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Torí pé kò lè kígbe ló ṣe mú un. Ó sì mọ̀ pé ohun tí ẹ ń sọ yìí gan-an lẹ máa sọ."

Ìyá Yínúsà yí padà, ó wọlé rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, wọ́n ní ọ̀gá kò lè ṣe ògbufọ̀ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kàdúná, ó wá olùkọ́ àwọn odi kan rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni olùkọ́ náà fi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń kọ́ bí Nàímátù ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà ni Abọ́sẹ̀dé ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn oníbàárà kan ò padà wá mọ́. Kò wá wọn lọ.

Nàímátù dúró níwájú adájọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rojọ́, kò sì ṣìṣe. Wọ́n sọ akọ̀wé náà sẹ́wọ̀n ọdún méje.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ìyá Yínúsà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò tètè wọlé. "Abọ́sẹ̀dé, báwo ni wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ní kéèyàn máà bínú?"

Abọ́sẹ̀dé tọ́ka sí Nàímátù. "Òun ni kẹ́ ẹ bi, mà."