Ọkọ̀ ni àbí Ọkọ?

Wọ́n yọ mí kúrò nínú gúrúùpù Wasáàpù àdúgbò wa ní Bódìjà lónìí, nítorí àmì ohùn!

Ẹnì kan ló kọ ọ́ síbẹ̀ láàárọ̀, nípa obìnrin tó ń du ipò káńsílọ̀ wa: "Oludije wa ti gba oko tuntun."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá. Mi ò lè mú un mọ́ra.

Mo dáhùn pé, "Ọkọ̀ ni àbí ọkọ? Ẹ fi àmì sí i, ká lè mọ̀ bóyá ìpolongo ìbò la ń lọ àbí ìgbéyàwó."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ ni ádímínì yọ mí.

Mo pè é. Ilé kẹta sí tèmi ló ń gbé.

"Ẹ má bínú, Mà. A ò fẹ́ òṣèlú àti irú àwàdà yẹn níbẹ̀. Opó ni obìnrin yẹn."

Mo ní, "Èmi náà ńkọ́? Ṣé èmi kì í ṣe opó ni?"

Ó ní ó dàbọ̀.

Ẹni tó gbé òṣèlú wá ṣì wà nínú gúrúùpù o!

Bóyá àwàdà mi le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti ń kọ "ẹ káàárọ̀" lójoojúmọ́, tí èèyàn sì ń dá mi lóhùn. Nínú ilé yìí, kò sẹ́ni tó ń dáhùn mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé èmi ni mo ṣàṣejù, àbí àwọn ni? Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan sọ, ẹ ṣáà kí mi.

Mi ò ní béèrè àmì.