Ẹni Tó Kọ́ Bàbá Ọmọ́lẹ́wà ní Búrẹ́dì Gígé

Bí Adétúnbọ̀ ṣe ń gé búrẹ́dì, ẹ̀rín ni. Á gbá odindi búrẹ́dì mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, á kọ́kọ́ fi bọ́tà ra orí rẹ̀, kó tó wá fi ọ̀bẹ gé e. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Bàbá Ọmọ́lẹ́wà, ta ló kọ́ yín ní èyí? Ṣé bí wọ́n ṣe ń gé e n'Íjẹ̀bú nìyẹn?" Adétúnbọ̀ á kàn rẹ́rìn-ín. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà pé Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti tọ́ ọ láti kékeré. Ọmọ́lẹ́wà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan wá jẹun nílé wọn ní Thames View, ní London, mọ́, torí ojú ń tì í.

Lọ́jọ́ kan, iléèwé kó wọn lọ bá àwọn arúgbó mu tíì nínú gbọ̀ngàn kan ní Becontree Heath. Ìyá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Catherine ló ń gé búrẹ́dì. Ó gbá a mọ́ àyà, ó fi bọ́tà ra orí rẹ̀, ó gé e. Ọmọ́lẹ́wà ò mọ ìgbà tó pariwo pé bí dádì òun ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn!

Ìyá náà béèrè orúkọ dádì yìí. Bó ṣe gbọ́ ọ, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Túnbọ̀ mi," ló wí, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. "Èmi ni mo tọ́ ọ."

Kúnmi, ọ̀rẹ́ Ọmọ́lẹ́wà tí ilé wọn wà ní Goresbrook, na ọrùn. "Wait, nan ẹ nìyẹn? Ìyá àgbà ẹ?"

Gbogbo kíláàsì yíjú. Ọmọ́lẹ́wà já ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Nan mi kọ́! Mi ò mọ̀ ọ́n rí!"

Ìyá náà ò bínú. Ó ní kò burú, bóyá àṣìṣe ni, ó sì padà sídìí búrẹ́dì. Kò sí ohun tó ń tini lójú tó kí ẹni téèyàn ṣẹ̀ tún máa tuni nínú.

Nígbà tí Ọmọ́lẹ́wà jẹ́wọ́ nílé, Adétúnbọ̀ fọwọ́ bojú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. "Akẹ́kọ̀ọ́ làwọn òbí mi nígbà tí wọ́n bí mi síbí," ló wí. "Wọ́n gbé mi fún Catherine pé kó bá wọn tọ́jú mi. Mo ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó mú mi lọ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí mo padà wá, mo máa ń lọ kí i. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ màmá ẹ, mo rò pé tí àwọn àna mi bá gbọ́ pé òyìnbó ló tọ́ mi, wọ́n á ní mi ò nílé. Ojú tì mí. Mi ò lọ mọ́."

"Dádì, èmi náà sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n," Ọmọ́lẹ́wà wí, ló bá bú sẹ́kún.

Ìyàwó ló pariwo jù: "Ẹ wá gbé ìyá ọkọ mi pamọ́ fún mi látọjọ́ yìí!" Òun náà ló ra odindi búrẹ́dì tí wọ́n gbé lọ sílé Catherine ní Goresbrook ní Sátidé.

Catherine ṣílẹ̀kùn. Adétúnbọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀rù ba ìyá àgbà, ó rò pé ó ṣubú ni. "Túnbọ̀, ṣé o ò fara pa?" Ẹkún ni Adétúnbọ̀ ń sun.

Kúnmi ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lọ́nà, ó dúró. "Ọmọ́lẹ́wà, ṣebí o ní o ò mọ̀ ọ́n?"

Ojú ti Ọmọ́lẹ́wà débi pé kò lè gbórí sókè. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa," ló wí. "Nan mi ni."