Pọ́ǹpù tí mo rà fún ẹja ìyàwó mi

Mo fi ọwọ́ ara mi pa ẹja ìyàwó mi lónìí.

Pọ́ǹpù tó ń dá omi padà sínú táǹkì wọn ló jóná. Mo gun ọ̀kadà láti Odigbo lọ sí Ore.

Ẹni tó ń ta pọ́ǹpù ní, "Bàbá, dúrọ́ọ̀mù omi mélòó ló ń kún táǹkì yín?"

"Ìyàwó mi ló mọ̀."

"Ẹ pè wọ́n lórí fóònù."

"Ó ti kú. Gbé èyí tó tóbi jù wá."

"Ó máa le jù fún ẹja o, Bàbá."

"Ìwọ ṣáà tà á!"

Ẹ̀rọ tí a fi ń fín kòkó ni mo mọ̀. Èyí tó bá lágbára jù ló dára jù níbẹ̀.

Mo délé, mo tan pọ́ǹpù náà, omi sì ń gbá àwọn ọmọ ẹja mọ́ ògiri táǹkì. Kí n tó pa á, ọ̀pọ̀ ti léfòó.

Mẹ́rìnlá ló kù nínú ohun tí obìnrin yẹn fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń sin ẹja, báwo lẹ ṣe ń mọ pọ́ǹpù tó bá táǹkì mu? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Mi ò fẹ́ kí àwọn yìí náà kú mọ́ mi lọ́wọ́.