Àgbékẹ́ Ní Kí Ó Kun Ún Tán

Àgbékẹ́ ìyàwó Àrówólò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Àkrà ni wọ́n bí i sí. Ọṣẹ ló ń tà ní ọjà Màkólà kí Àrówólò tó fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ kọ́ ibi ìgbafẹ́ kan sí etí òkun ní Lábàdì: àgọ́ tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn bò, ilé ìdáná kan, kànga kan, ọgbà oparun yí gbogbo rẹ̀ ká. Èmi ni mo kan bẹ́ǹṣì ibẹ̀. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, àwọn akọ̀wé àti àwọn òyìnbó máa ń wá lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Wọn a jẹ ẹja díndín, wọn a sùn sí ibòji.

Wọn kì í ṣí i yí ọdún ká. Bí òjò ńlá bá dé, òkun a máa ru, atẹ́gùn a máa ṣí òrùlé. Wọn a tì í. Bí àwọn Gàá, onílẹ̀ Àkrà, bá ṣe ọdún Hòmówò tán, wọn a tún un ṣe, wọn a ṣí i.

Àrówólò kú ní ọdún tí Gánà gba òmìnira, kí òjò tó dé. Ó ní àbúrò kan, Yàkúbù, tó ń ta táyà ní Túdù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Yàkúbù ní òun yóò ṣú Àgbékẹ́ lópó. Àgbékẹ́ ní òun kò fẹ́. Yàkúbù kò bá a jà. Ó dúró títí wọ́n fi ṣe ogójì ọjọ́ òkú, ó wá mú kọ́kọ́rọ́ tuntun lọ sí etí òkun. Ó kó ẹrù obìnrin náà síta nínú òjò: ẹní, ìkòkò, àpótí aṣọ, àti àga tí Àrówólò kú lé lórí.

Ó ní, "Ìyàwó ni ọ́ nínú ilé wa. Ìyàwó kì í jogún. Ẹni tí kò fẹ́ ọkọ, kò fẹ́ ilé ọkọ náà nìyẹn."

Àgbékẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi."

Ó dìde, ó ká ẹní rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Kò sunkún. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.

Òun àti Adùnọlá ọmọ rẹ̀ yá yàrá kan ní Mámóbì. Ó padà sí ìdí ọṣẹ. Nígbà tí òjò dá, bó bá ti ọjà dé, ó máa ń lọ jókòó lábẹ́ àtíbàbà obìnrin Gàá kan tó ń ta kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo tiwọn, tó kọjú sí ọgbà náà. Ó ń wo Yàkúbù.

Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ti Àrówólò. Ti ilé Àtàá Òkáì ni, àgbà Gàá kan ní Lábàdì. Àdéhùn wọn ni pé lọ́dọọdún, kí àlejò àkọ́kọ́ tó wọlé, ẹni tó ń lo ilẹ̀ yóò gbé ọtí sìnáàpù wá láti fi tọrọ ilẹ̀ náà. Àwọn àgbà a ta díẹ̀ sílẹ̀ fún òkun, wọn a mu ìyókù. Kí ọtí tó dé, ọwọ́ onílẹ̀ ni ilẹ̀ wà, ó sì lè fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e wá. Àrówólò kì í lọ fúnra rẹ̀. Àgbékẹ́ ló máa ń gbé ọtí náà lọ, nítorí òun ló gbọ́ èdè Gàá jù.

Yàkúbù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi lọ́rì kó imọ̀ àgbọn tuntun wá. Ó kó yanrìn tí òkun gbé wọ ilé ìdáná jáde. Ó da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ níbi tí Àrówólò fi sílẹ̀ ní erùpẹ̀. Ó pè mí, mo pààrọ̀ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì tó ti jẹrà. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Adùnọlá kò lè gbà á mọ́ra.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé ọtí lọ báyìí. Bó bá ṣáájú wa ńkọ́?"

"Ṣé ó ti bo àgọ́ ẹ̀yìn?"

"Kò tíì bò ó."

"Ta ni yóò wá bò ó? Ṣé ìwọ ni?"

"Màmá!"

"Jẹ́ kó bò ó. Ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Jẹ́ kó kun ún tán."

Oníkẹ́ńkè rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Alátà! Inú yín jìn ju òkun yìí lọ." Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba Àgbékẹ́. Bí Yàkúbù bá gbé ọtí lọ lọ́jọ́ kan péré, ilẹ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìdíátù, ìyàwó Yàkúbù, ti gbọ́ nípa ọtí náà. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ lójú mi, níbi tí mo ti ń fá pákó.

"Àláájì, wọ́n ní ọtí ni ẹ̀gbọ́n yín máa ń gbé fún onílẹ̀."

"Ọtí? Èmi tí mo ti Mẹ́kà dé? Kí n gbé ìgò gba àárín Lábàdì, kí wọ́n máa pè mí ní Àláájì Onígò?"

"Ẹ rán ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí."

"Ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ránni ni. Àgbò ni màá fún wọn. Kí ni ọtí já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò?" Ó yíjú sí mi. "Káfíńtà, àbí irọ́ ni mo pa?"

Mo ní, "Àgbò tóbi ju ìgò lọ, Àláájì."

Kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni mo bá a fa àgbò náà dé ilé Àtàá Òkáì. Baba náà fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúpẹ́.

Ó ní, "Ẹran yìí dára. Ṣé nǹkan kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀?"

Yàkúbù rò pé ojúkòkòrò ló ń ṣe baba náà. "Ó tán síbẹ̀, Baba."

"Ó dáa."

Wọ́n pa àgbò náà, wọ́n jẹ ẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ kì í kọ ẹran àlejò. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹran tọrọ ilẹ̀. Nígbà tí oníkẹ́ńkè sọ ọ́ fún Àgbékẹ́, ó rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí Àrówólò ti kú.

Sátidé ni Yàkúbù fẹ́ ṣí i. Ní Jímọ̀, wọ́n kun ilẹ̀kùn ọgbà ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó sì lọ kírun. Bó ti lọ báyìí ni Àgbékẹ́ ru ìgò sìnáàpù sórí láìbò ó, ó gba àárín Lábàdì kọjá. Gbogbo ayé rí i.

Àtàá Òkáì ní, "Mo ti ń retí rẹ."

Wọ́n ta ọtí sílẹ̀. Wọ́n fún un ní ilẹ̀ náà. Baba náà ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì sìn ín lọ sí ọgbà náà.

Nígbà tí Yàkúbù ti mọ́ṣáláṣí dé nínú aṣọ funfun, Àgbékẹ́ ló bá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ní kó o wọlé?"

"Onílẹ̀."

"Onílẹ̀ wo? Dìde níbẹ̀!"

"Yàkúbù," ó pè é bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wa yíjú sí i. Nínú ilé Yorùbá, ìyàwó kì í pe ọkùnrin tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ìkókó. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbọ́.

"Yàkúbù, sún sẹ́yìn. Ọ̀dà tó o kùn kò tíì gbẹ. Má fi aṣọ Mẹ́kà nù ún."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Yàkúbù sáré lọ bá Àtàá Òkáì. Baba náà ní àgbò náà dùn, òun tún dúpẹ́. Yàkúbù ní òrùlé òun ńkọ́, sìmẹ́ńtì òun ńkọ́? Baba náà ní bó bá lè ká sìmẹ́ńtì, kó ká a.

Àgbékẹ́ ṣí i ní Sátidé. Àlejò pọ̀. Ní ọ̀sán, Bùràímọ̀, olórí àwa Yorùbá ní Àkrà, kó àwọn àgbà wa wá láti Mámóbì. Yàkúbù dúró sí ẹ̀yìn ọgbà nínú oòrùn.

Bùràímọ̀ ní, "Àgbékẹ́, ọkọ rẹ ṣì ni. Bínú mọ níwọ̀n. Fún un ní àgọ́ kan péré."

Àgbékẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Ó fi wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀yin baba mi, lọ́jọ́ tó kó ẹrù mi sójò, ta ló wá bẹ̀ ẹ́ nínú yín?"

Bùràímọ̀ kọjú sí òkun.

"Ẹja pupa ni ẹ óò jẹ àbí àgbọn?"

Ó gbé ẹja wá, pẹ̀lú ata. Wọ́n jẹ ẹ́. Bùràímọ̀ nu ẹnu, ó ní ó dùn. Nígbà tí wọ́n jáde, Yàkúbù béèrè ohun tí obìnrin náà wí. Ó ń gbọ́ òórùn ẹja lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wọ lọ́rì, wọ́n lọ.