Gáàdì Apá Òsì

Púlọ́ńbà ni ọkùnrin náà. Ọ̀gá Páìpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn ọmọ tó bí pàápàá a sì máa fi pè é nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́, àpótí irinṣẹ́ lẹ́yìn, páìpù tó fi okùn dì mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ilé tí omi bá ti ń jò, ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó rí òun fúnra rẹ̀. Èyí tó ń gùn báyìí dúdú, táǹkì rẹ̀ ń dán bíi dígí, aṣọ tó sì fi ń nù ún mọ́ ju aṣọ ìnujú tirẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé orogún òun nìyẹn, pé òun sì ti gbà fún un, nítorí orogún tí kì í béèrè oúnjẹ kò ní wàhálà.

Ìyàwó yìí ń ránṣọ ní ilé ìwòsàn, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ ibùsùn sí. Kọ́tìnì ló ń rán, àti ẹ̀wù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Láràárọ̀, ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ẹ̀yìn ọkùnrin náà ló ti mọ gbogbo ohun tó ń ṣe é: bí èjìká rẹ̀ bá le, oníbàárà kan ti múnú bí i nìyẹn, bó bá ń fi ìka lu ọwọ́ alùpùpù, orin ló ń kọ sínú. Ẹ̀yìn náà ló sì ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ọkọ òun ti ń kú.

Oríta ló ti mọ̀ ọ́n. Bí iná bá pọ́n tí wọ́n dúró, ẹsẹ̀ tó yẹ kó kanlẹ̀ kíákíá a máa pẹ́, bíi ti ẹni tó ń wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Alùpùpù a sì fì. Obìnrin náà kàn bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ni, á rọra fi orí bàtà tẹ ọ̀dà títì, á gbé àwọn méjèèjì dúró. Bí iná bá yí padà, á ká ẹsẹ̀ náà sókè bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Dókítà ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé iṣan ìbàdí ló bàjẹ́, pé ìlóṣòó sábẹ́ síǹkì láti ọdún gbọọrọ ló fà á, pé kò ní padà bọ̀ sípò. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó dìde, kò sì dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Nígbà tí ìyàwó rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì táǹkì ti ha yánkanyànkan, ọkùnrin náà ní ẹnìkan ló tì í ṣubú níbi tí òun gbé e sí. Nígbà tí ojúgun rẹ̀ wú, ó ní páìpù ló já lù ú. Obìnrin náà fi aṣọ gbígbóná tẹ ojúgun náà fún un, kò bi í pé páìpù wo.

Ọmọbìnrin wọn tó ń gbé ní ìlú mìíràn wá súnmọ́ àtibímọ, ìyá sì gbọ́dọ̀ lọ dúró tì í. Ó ku díẹ̀ kó lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń já a láyà: ta ni yóò máa na ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní oríta?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọn kò lọ síbi iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ ní kó bá òun lọ ra gáàdì, ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ara alùpùpù kí ó má baà fara gbolẹ̀ bó bá ṣubú. Ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, tí gbogbo alálùpùpù ń pè ní Ìyá Bóòtù, ni wọ́n lọ.

"Ọ̀gá Páìpù! Gáàdì kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ bá wọn sáré ìdíje ni?"

"Ìgbín kan ló pè mí níjà," ni ọkùnrin náà wí.

Ìyá Bóòtù rẹ́rìn-ín, ó kó oríṣi mẹ́ta sórí káńtà. "Onírin yìí máa ń yí ẹ́ńjìnnì po bí ọgbà. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo, bí ìṣubú náà bá sì pọ̀, ó lè mú férémù tó gbé màṣíìnì ró wọ́. Èyí kékeré tó ń dán yìí, ẹwà ló wà fún. Bó bá di ọ̀dà mú, kò ní jẹ́ kí màṣíìnì yọ̀ lọ, á ta á sókè ni. Oníke yìí ni kí ẹ wò." Ó gbé méjì tó rí bí ọmọ odó kúkúrú sókè. "Ike líle ni. Bóòtù á gba inú rẹ̀ wọ ara ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí màṣíìnì bá ṣubú, òun ló máa kanlẹ̀, á máa yọ̀, ọ̀dà á máa ha á jẹ. Bó bá tán, ẹ ra òmíràn."

Ọkùnrin náà gbà á, ó ń yí i lọ́wọ́ bó ṣe máa ń yí ẹnu páìpù wò. "Bí kì í bá ṣe orí eré ńkọ́?"

"Lọ́nà wo?"

"Ká ní ó dúró ni, tó wá ṣubú. Àlàfo tó máa wà lábẹ́ rẹ̀, ṣé á gba..." Kò parí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ike náà ti ojúgun ara rẹ̀ bí aránṣọ tó ń wọn ènìyàn.

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí ògiri níbi tí wọ́n gbé táyà kọ́ sí.

"Á gbà á," ni Ìyá Bóòtù wí. "Kò ní sùn pẹrẹsẹ."

"Ó dára. Ẹ fún mi ní ti òsì."

"Ti òsì nìkan?" Ìyá Bóòtù bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ra bàtà? Méjì-méjì ni wọ́n ń tà á o!"

"Kì í ṣubú sí ọ̀tún."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ìyá Bóòtù. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún orí káńtà tò.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó pè é jẹ́jẹ́, "kí lẹ fẹ́ fi ṣe gan-an?"

"O rò pé n kò mọ̀?" Kò wo ojú rẹ̀. "Mo máa ń gbọ́ bàtà rẹ lórí ọ̀dà. O ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa. Ohun tó máa ṣe ẹsẹ̀ rẹ fún mi ni mo wá rà."

Obìnrin náà ti rò pé òun ló ń bo àṣírí ọkọ òun, kò mọ̀ pé ọkọ náà ń bo tirẹ̀.

Ìyá Bóòtù wúkọ́. "Bàbá, irú màṣíìnì yín wà níta, gáàdì yìí sì wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dà á dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé e dìde. Bí ẹ bá gbé e, màá tú ẹyọ kan fún yín."

Wọ́n rọra dà á sí òsì. Ó fara ti ike náà, àlàfo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú ọkùnrin náà tàn. Ó kọ ẹ̀yìn sí alùpùpù náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó di irin abẹ́ ìjókòó mú, ó tẹ orúnkún, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé alùpùpù, kì í ṣe ọwọ́. Ó tì í. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró. Ti òsì ń yọ̀ lọ lórí iyanrìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Alùpùpù gbéra, ó tún padà já lu ike, gbì.

"Ilẹ̀ yìí ń yọ̀," ló wí.

Ó tún un ṣe. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti jáde kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá kàn fọwọ́ kàn án báyìí, á dìde. Ọkọ òun á rẹ́rìn-ín, á ra gáàdì náà, á sì gun alùpùpù jáde lọ́jọ́ tí òun kò sí nílé, á ṣubú, á wà lábẹ́ rẹ̀ ní ojú pópó kan, ọkọ̀ á sì máa bọ̀. Ó fa ọwọ́ náà padà, ó kì í sí abíyá, ó di ara rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ń retí rẹ̀.

"Ṣé o ò ní bá mi gbé e ni?"

"Mi ò ní bá yín gbé e, Bàbá wọn."

Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó tú ọwọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jókòó sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra itan òsì rẹ̀. Oníbàárà kan tó ń dúró de táyà bọ́ sẹ́yìn ilé, ó ṣe bí ẹni pé wọ́n pè é.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ lápò, ó gbé e ka orí káńtà. "Ẹ bá mi tà á. Ṣùgbọ́n ẹ de gáàdì méjèèjì mọ́ ọn kó tó lọ, oníke."

"Bàbá, ẹni tó bá rà á yóò fúnra rẹ̀ ra gáàdì."

"Wọn kì í rà á àfi tí wọ́n bá ṣubú tán. Ẹ dè é." Ó tún fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà. "Bí òtútù bá mú, ẹ sọ fún un kó má fa ṣóòkì tó ń jí ẹ́ńjìnnì jáde tán, ìdajì ni. Jíà kejì máa ń le láàárọ̀, kó má fipá mú un. Bó bá gbọ́ ariwo kan lábẹ́ táǹkì, kò sí ohun tó ń ṣe é, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Kó má gbé e sójú oòrùn. Bí òtútù bá sì mú, kó má fa ṣóòkì jáde tán."

"Ìdajì ni," ni Ìyá Bóòtù wí.

"Ìdajì ni," ni ìyàwó rẹ̀ náà wí. Ó ti wá dúró ti ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí òtútù, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ó ti sọ ọ́.