Orúkọ Àlájà Nínú Kóòdù Kúlúsúmù

Bí ẹ bá wọ kẹ̀kẹ́ dé Bosso ní Minna, tí ẹ bèèrè Kúlúsúmù ọmọ Ràsákì télọ̀, wọn yóò fi yàrá kan hàn yín níwájú ilé, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kì í wà ní títì. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí tí yóò máa kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Minna ni wọ́n bí òun sí, nítorí náà Hausa ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń bẹ̀bẹ̀. Àwa ìyá àdúgbò ló sì máa ń bẹ̀ jù.

Ọ̀rẹ́ mi ni ìyá rẹ̀. A jọ wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù tó ń pàdé ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ilé dé ilé la ń gbé e yí, ẹni tó bá sì kàn ló máa se oúnjẹ àárọ̀. Ẹnu la fi ń kéde tẹ́lẹ̀, ẹnu sì máa ń gbàgbé. Nígbà kan, a pín sí ilé méjì, àwọn tó dáná méjèèjì ò sì bá wa sọ̀rọ̀ títí Ààwẹ̀ fi dé. Èyí ló mú kí Kúlúsúmù ṣe áàpù kan tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa ní gbogbo Sátidé, tó ń sọ ilé ẹni tó kàn.

Ó ní ìdí mìíràn tó fi ṣe é. Àbdùlbáàkí, tíṣà kan tó níwà, fẹ́ fi í ṣaya. Ìyá Àbdùlbáàkí ni Àlájà Nàímátù ní Tunga Low Cost, ó wà nínú àsàlátù wa, kò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ tó ń wo gíláàsì látàárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ni yóò wo ilé?" Títí Àlájà yóò fi gbà, kò sí ẹni tó máa wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé Ràsákì. Kúlúsúmù ń retí pé áàpù yìí yóò bá òun bẹ̀ ẹ́.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo wá gba aṣọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Màmá Yàkúbù, ohun tó máa ń yí padà, bíi nọ́ńbà yín àti orúkọ ẹni tó kàn, mi ò kì í kọ wọ́n sínú kóòdù. Fáìlì lọ́tọ̀ ni mo ń kó wọn sí. Méjì ni. Nọ́ńbà tèmi nìkan ló wà nínú ti ìdánwò, ti gbogbo yín wà nínú ti gidi. Tí mo bá dán iṣẹ́ wò tán, mo kàn máa ní kí áàpù lọ ka ti gidi ni."

"Kí ló dé tí o ò pa gbogbo rẹ̀ pọ̀?"

"Ṣé kí n wá máa tú gbogbo iṣẹ́ palẹ̀ torí pé ẹnì kan pààrọ̀ nọ́ńbà?"

Mo ní ó gbọ́n. Èmi bí àwọn tó ń tú gbogbo ilé palẹ̀ torí ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n náà máa ń kánjú. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ń dán nǹkan tuntun wò, ó sì nílò orúkọ ẹni tó máa gbàlejò. Kò lọ sínú fáìlì. Ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín kóòdù níbẹ̀, ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ó wá orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà gbọ́: Àlájà Nàímátù. Láti ìgbà tí Àlájì ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó tún jẹ oúnjẹ àsàlátù nílé Àlájà. A máa ń fò ó ni. Nígbà tí ìdánwò parí, Kúlúsúmù ní kí áàpù ka fáìlì gidi, nọ́ńbà gbogbo wa sì wọlé. Orúkọ tó wà nínú kóòdù ò kúrò, torí kò sí nínú fáìlì kankan tó lè bá a yí padà.

Lẹ́yìn Ásárì, fóònù mi dún: "Àsàlátù ọ̀la, ilé Àlájà Nàímátù, Tunga Low Cost. Ẹ má pẹ́."

Ẹ óò ní kí ló dé tí a ò pe Àlájà. Ta ni yóò pe àgbà pé, ṣé lóòótọ́ lẹ pè wá jẹun? Ìyẹn ni pé o ò gbà pé ó lè peni jẹun. Kálukú wa gbàdúrà fún Àlájà, a sì lọ hijáàbù wa. Ìyá Mùkáílà tí ọ̀sẹ̀ náà kàn gan-an dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọ́n fo òun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àlájà ń run orín níwájú ilé nígbà tí a ya dé, a kún ẹnu ọ̀nà.

"Àsàlámù alékùmù, Àlájà."

Ó yọ orín lẹ́nu, ó wò wá láti ọwọ́ kan dé ìkejì. "Wàálékùmù sàlámù. Ta ló kú?"

Ibẹ̀ la wà tí kẹ̀kẹ́ kan fi dúró, tí Kúlúsúmù bọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún un kó tó kúrò nílé pé ilé Àlájà ni àsàlátù wà, ni ọmọ bá sáré tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Kò sí ẹni tó kú, mà. Èmi ni mo pè wọ́n. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀." Ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"Orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà gbọ́," ni Àlájà wí, "tèmi ló wá sí ọ lọ́kàn."

Ìyá Kúlúsúmù di ọwọ́ mi mú. Ọmọ náà lè sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Gbogbo wa ni ì bá gbè é, ẹ̀rọ ò kúkú lẹ́nu.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní ẹ kì í gba àlejò mọ́."

"Àwọn wo ni wọ́n?"

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo iyanrìn.

"Gbogbo Sátidé ni mò ń rẹ ẹ̀wà," ni Àlájà wí. "Àwọn ọmọ ilé kéú ló ń bá mi jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ń fò mí."

"A ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni," Ìyá Mùkáílà dáhùn.

"Haba. Ta ló bẹ̀ yín? Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ìwọ ọmọ yìí, wá bá mi nílé ìdáná."

Mo tẹ̀ lé wọn, torí ó yẹ kí ẹlẹ́rìí wà, oòrùn sì wà lójú àga tèmi. Kúlúsúmù lọ ẹ̀wà, ó pò ó, ó bu iyọ̀ sí i.

"Ata dà?" Àlájà bi í.

"Mo gbé e sí abọ́ lọ́tọ̀, mà. Ọgbẹ́ inú ń yọ àwọn kan lẹ́nu, àwọn kan sì fẹ́ kó ta. Iyọ̀ nìkan ni mo pò mọ́ ọn, oníkálukú á bu ata bó ṣe fẹ́." Ó nàka sí abọ́ ata náà. "Bó ṣe yẹ kí n ṣe orúkọ yín nìyẹn. Mo lọ pò ó mọ́ ẹ̀wà."

Àlájà yí ẹ̀yìn sí wa. Èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ló ń rín.

"Wo epo yẹn kó má jóná," ló wí. Àkàrà àkọ́kọ́ jáde, ó jẹ ẹ́, ó tún mú ìkejì.

"Tí mo bá délé, màá yọ orúkọ yín kúrò, mà."

"Ta ló ní kó o yọ ọ́? Gbé e lọ síbi tí ti àwọn yòókù wà."

Ó gbé e lọ síbẹ̀. Ó ti kan Àlájà lẹ́ẹ̀mejì báyìí, a ò sì fò ó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi tún dún: "Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Àbdùlbáàkí àti Kúlúsúmù, ilé Ràsákì télọ̀, Bosso." Mo ti kọ́gbọ́n. Mo pe Àlájà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Àlájà, ẹ má bínú. Ṣé ìdánwò ni àbí ti gidi?"

"Ti gidi ni," ó ní. "Máa bọ̀ wá jẹun, kó o mú ata rẹ dání."